Ìbéèrè Àárín Odò

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé ẹsẹ̀ mi kì í kan ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tí mo bá jókòó sórí pákó àárín, mo gbà pé bàbá àgbà mi ló ni odò Òfìkì. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo kàn rí i pé bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, òun ni odò ń dúró dè, bí oòrùn bá sì ń wọ̀, òun ló máa ń kẹ́yìn kúrò níbẹ̀. Bàbá Odò ni gbogbo èèyàn ń pè é. Èmi náà wá rò pé bí bàbá àwọn kan ṣe ni oko, tí ti àwọn mìíràn ni ṣọ́ọ̀bù, bẹ́ẹ̀ ni tèmi ṣe ni omi.

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń gba orí afárá kọjá lórí ọ̀kadà lónìí, ó ṣeé ṣe kí ẹ má mọ̀ pé ọkọ̀ ojú omi wà lórí odò yẹn rí. Kò tíì pẹ́. Mi ò tíì darúgbó, ẹ̀wù àgùnbánirọ̀ mi ṣì wà lórí ìkọ́. Síbẹ̀, nígbàkigbà tí mo bá ń sọ ọ́, ń ṣe ló máa ń dà bíi pé ayé àwọn baba ńlá mi ni mò ń sọ. Ẹ̀rù a sì máa bà mí pé bí mi ò bá kọ ọ́ sílẹ̀, tó bá yá, èmi fúnra mi á bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé àlá ni mo lá.

Abúlé wa wà ní ìhà Ìlúà. Òdì kejì odò ni ọ̀nà tó lọ sí Ìwéré-Ilé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, odò á gbẹ débi pé àwọn òkúta inú rẹ̀ á yọ síta bí ẹ̀yìn màlúù tó dùbúlẹ̀. Àwọn èèyàn á ká aṣọ sókè, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn ín kọjá. Bàbá á gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀, á dojú rẹ̀ dé lábẹ́ igi káṣú, á gba oko lọ. Àmọ́ bí òjò bá ti rọ̀ lókè lọ́hùn-ún, tí Òfìkì bá pọ́n, tó ń gbé ẹ̀ka igi àti ìfófòó kọjá, kò sẹ́ni tó lè dé òdì kejì láìgba ọwọ́ rẹ̀ kọjá.

Iṣẹ́ ńlá ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé omi ló ń gbé ọkọ̀. Kí wọ́n tó pe ìrun Súbúì, Bàbá ti wà létí odò. Á fi àfọ́kù igbá gbọ́n omi inú ọkọ̀ dànù, á ki ọ̀pá bọ odò kó lè mọ bó ṣe jìn tó lọ́jọ́ náà, á kírun lórí iyanrìn, á wé tẹ̀sùbáà rẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́, á wá ní, "Bísímílà," á ti ọkọ̀ sínú omi. Láti ìgbà náà di ìrọ̀lẹ́, ìsinmi ò sí. Iṣu, ewúrẹ́, àpò gàrí, àpò káṣú, kẹ̀kẹ́, àní ọ̀kadà pàápàá, gbogbo rẹ̀ ló ń gbé kọjá. Ó gbé ẹ̀rọ ìlọta kan rí tí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ẹnu ọkọ̀ dọ́gba. Ó gbé aboyún tó ń rọbí, ó gbé òkú, ó gbé àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń lọ ṣe ìdánwò, tí wọ́n tẹjú mọ́ ìwé wọn bíi pé wọn ò mọ̀ pé orí omi làwọn wà. Òjò á pa á, oòrùn á tún sá a gbẹ. Èjìká ọ̀tún rẹ̀ ga ju ti òsì lọ nítorí àjẹ̀ tó fi ń wa ọkọ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì le bí èèpo igi.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá àgbà á máa fi òrí ra èjìká náà.

"Odò ti jẹ èjìká yìí tán," ni yóò wí.

"Kò jẹ ẹ́. Ó yá a ni."

"Ó ti yá a láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé mi níyàwó. Ọjọ́ wo ló wá fẹ́ dá a padà?"

Bàbá á rẹ́rìn-ín.

Àwọn òwúrọ̀ tí ìkùukùu bá bo odò ni mo fẹ́ràn jù. Bàbá á jẹ́ kí n bá òun lọ gbé èrò àkọ́kọ́. A ó kúrò létí odò níhà tiwa, kò ní pẹ́ tí mi ò ní rí i mọ́, bẹ́ẹ̀ ni mi ò tíì ní rí òdì kejì. Funfun ni gbogbo ibi. Omi á máa sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nísàlẹ̀ ọkọ̀ bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé bó ṣe máa ń rí lára mi fún ọ̀rẹ́ mi kan ní yunifásítì, ó ní ẹ̀rù ló ń bà mí. Kì í ṣe ẹ̀rù. Tàbí kí n sọ pé ẹ̀rù wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ̀rù tó dùn ni, irú èyí tó máa ń mú ọmọdé nígbà tí wọ́n bá jù ú sókè, tó sì mọ̀ pé ọwọ́ kan wà nísàlẹ̀ tó máa gba òun. Mo mọ̀ pé Bàbá wà lẹ́yìn mi. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ẹ dárí jì mí tí ọ̀rọ̀ mi bá ti pọ̀ jù, àmọ́ mo fẹ́ kí ẹ mọ bí àárín odò yẹn ṣe máa ń dákẹ́ tó, torí ibẹ̀ ni ohun tí mo fẹ́ sọ ti ṣẹlẹ̀.

Bàbá ní àṣà kan tí mi ò gbọ́ pé atukọ̀ mìíràn ní. Tó bá ń gbé ìyàwó tuntun lọ sílé ọkọ, tí wọ́n bá dé àárín odò, á yọ àjẹ̀ kúrò nínú omi, á fi dábùú itan rẹ̀, á jẹ́ kí ọkọ̀ máa léfòó lọ bó ṣe wù ú. Á wá béèrè pé, "Ìyàwó, ṣé ìwọ fúnra rẹ lò ń lọ, àbí wọ́n ń gbé ọ lọ?"

Ìyàwó á dáhùn pé, "Èmi fúnra mi ni mò ń lọ." Ìgbà náà ni àjẹ̀ á tó tún kan omi. Bí kò bá dáhùn bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ máa yí padà ni. Gbogbo èèyàn ló mọ̀, àmọ́ kò ṣẹlẹ̀ rí. Wọ́n ti sọ ọ́ di àwàdà ìgbéyàwó. Àwọn ìyàwó kan á ní kí Bàbá jẹ́ káwọn kọ́kọ́ wo omi dáadáa ná. Mo rántí ọ̀kan tó ní, "Ẹ máa tukọ̀ lọ, Bàbá, ebi ń pa mí, wọ́n sì ti ní àwọn se ẹran dè mí." Ẹ̀rín yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú ọkọ̀ dé.

Àmọ́ Bàbá kì í rẹ́rìn-ín tó bá ń béèrè. Ọ̀dọ̀ bàbá tirẹ̀ ló ti rí i. Láyé bàbá tirẹ̀, kò tíì sí ọkọ̀ lórí odò yìí. Akèrègbè ràbàtà kan tí wọn ò gé ẹnu rẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé èèyàn kọjá. Èrò á dì mọ́ ọn níhà kan, atukọ̀ á dì mọ́ ọn níhà kejì, á di apá èrò náà mú, á máa fẹsẹ̀ lúwẹ̀ẹ́, wọ́n á sì máa wojú ara wọn títí wọ́n á fi gúnlẹ̀. Ọjọ́ kan ni bàbá Bàbá ń gbé ìyàwó kan kọjá. Ó rí i lójú ọmọ náà pé kò fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kò bi í ní nǹkan kan, ó ní kò kan òun. Nígbà tí wọ́n dé àárín odò, ọmọ náà ṣí ọwọ́ kúrò lára akèrègbè. Agbára káká ni wọ́n fi rí i fà jáde. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń béèrè. Akèrègbè yẹn gan-an ṣì wà nílé wa nígbà tí mo gbọ́njú. Òkè àjà ilé ìdáná ló so rọ̀ sí, èéfín ti sọ ọ́ di dúdú bí ìkòkò.

Àǹtí mi, àbíkẹ́yìn Bàbá, ló ń tọ́jú mi nígbà tí ìyá mi ń tajà ní Ìséyìn. Ẹní kan náà la jọ ń sùn. Òun ló ń di irun mi, òun ló ń sọ ìtàn fún mi. Ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ. Bó bá ń yan gàrí, á máa bá gàrí sọ̀rọ̀ tí kò bá rí ẹlòmíràn.

Nígbà tí ọkọ̀ àtijọ́ tí Bàbá ń lò jẹrà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní òdì kejì ló gé igi ọ̀gánwó kan nínú oko rẹ̀ fún un láti gbẹ́ òmíràn. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ọ̀rẹ́ yìí ránṣẹ́ pé ọmọkùnrin òun fẹ́ fi àǹtí mi ṣe aya. Inú Bàbá dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè jẹun. Wọ́n pe àǹtí mi síwájú àwọn àgbà, wọ́n bi í. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ní, "Ohun tí Bàbá bá ti sọ ni." Bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ṣe máa ń fèsì nìyẹn. Gbogbo wọn súre fún un.

Èmi nìkan ni mo gbọ́ èyí tó kù. À ń bó gbágùúdá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní, "Ọkọ tí wọ́n fẹ́ fún mi kì í ṣe èèyàn burúkú o. Àmọ́ tí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, ń ṣe ló máa ń dúró kí n sọ ọ́ tán."

Mo ní, "Ṣé kì í ṣe bó ṣe yẹ kéèyàn ṣe nìyẹn?"

"Kì í gbọ́ ọ. Ó kàn ń dúró ni." Ó sọ gbágùúdá sínú omi. "Màá wà níbẹ̀ títí màá fi darúgbó, á máa dúró kí n dákẹ́."

"Ẹ sọ fún Bàbá, àǹtí."

"Kí ni kí n sọ? Orí igi bàbá rẹ̀ la ti ń jẹun."

Mo mọ̀ pé ọmọdé ni mí, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn wúwo lọ́kàn mi. Mi ò mọ orúkọ tí mo lè pè é nígbà náà. Ní báyìí mo lè sọ pé ìbẹ̀rù ni, pé ẹni tí ohùn rẹ̀ ń mú mi sùn máa lọ sí ibi tí kò ti ní sẹ́ni tó ń gbọ́ ohùn náà.

Ọjọ́ ìgbéyàwó bọ́ sí ìgbà tí iṣu tuntun pọ̀ lọ́jà, tí odò sì kún. Nínú mọ́ṣáláṣí ti òdì kejì ni wọ́n ti fẹ́ so yìgì lẹ́yìn ìrun Ásárì. Àwọn obìnrin ilé ọkọ ti wá gbé ìyàwó. Ẹni tó ṣáájú wọn ni àbúrò bàbá ọkọ, obìnrin gíga kan tí ẹnu rẹ̀ mú. Èmi ni ìyàwó kékeré, ìyẹn ọmọbìnrin kékeré tó máa ń tẹ̀ lé ìyàwó lọ, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ àǹtí mi gan-an ni mo jókòó sí. Ó fi ìbòrí funfun bo ojú. Àwọn obìnrin ń kọrin, oòrùn ń tàn sórí omi bí ẹni fọ́n ìlẹ̀kẹ̀ ká, àwọn labalábá sì ń tẹ̀ lé ọkọ̀ bí ẹni pé wọ́n pe àwọn náà sí ìyàwó.

Nígbà tí a dé àárín, Bàbá yọ àjẹ̀. Orin dáwọ́ dúró. Gbogbo wọn ti ń rẹ́rìn-ín múṣẹ́, wọ́n ń retí àwàdà.

"Ìyàwó, ṣé ìwọ fúnra rẹ lò ń lọ, àbí wọ́n ń gbé ọ lọ?"

Àǹtí mi kò dáhùn.

"Ojú ń tì í," ni ọ̀kan nínú wọn wí.

"Ohùn rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé ilé ọkọ," ni òmíràn dá a lóhùn, ni wọ́n bá fi ẹ̀rín sí i.

Bàbá tún béèrè. Àǹtí mi di ọwọ́ mi mú lábẹ́ ìbòrí. Mo fẹ́ kí ẹ fọkàn yàwòrán bó ṣe rí: ọkọ̀ ń léfòó lọ jẹ́jẹ́, kò sẹ́ni tó ń darí rẹ̀, etídò méjèèjì ń rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bíi pé àwọn ni wọ́n ń lọ tí àwa dúró. Mo ronú pé bóyá a ó máa wà bẹ́ẹ̀ títí láé, pé kò ní sí ilé ọkọ, kò sì ní sí ilé wa. Ó wù mí bẹ́ẹ̀. Ojú tì mí láti sọ ọ́, àmọ́ ó wù mí.

Obìnrin gíga yẹn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bàbá Odò, ẹ tukọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́. Eré náà ti tó."

"Kì í ṣe eré," ni Bàbá wí.

"Ọmọ yín mà nìyẹn. Ẹ̀yin náà lẹ fi fún wa."

"Tí a bá wà nílé, èmi ni bàbá rẹ̀. Níbi tí a wà yìí, èmi ni mo ń tukọ̀."

Obìnrin náà wo ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ó wo Bàbá. "Igi ta lẹ jókòó lé yìí?"

Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ líle yẹn ra ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ bí ẹni ń fọwọ́ pa ẹran ọ̀sìn lára. "Igi ẹ̀gbọ́n yín ni. Mi ò gbàgbé, mi ò sì ní gbàgbé." Ó wá yíjú sí àǹtí mi, ó pè é ní orúkọ tó máa ń pè é nígbà tó wà ní ìkókó, èyí tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́. "Dá mi lóhùn."

Ohùn àǹtí mi kéré, àmọ́ ojú omi kì í fi ohùn pamọ́.

"Wọ́n ń gbé mi lọ ni, Bàbá."

Bàbá fi àjẹ̀ kan omi, ó sì yí orí ọkọ̀ padà.

Kò rọrùn láti yí i. Omi ń tì wá sísàlẹ̀, ọkọ̀ kún, mo rí bí iṣan èjìká ọ̀tún rẹ̀ ṣe le. Obìnrin gíga yẹn dìde dúró, ọkọ̀ mì. "Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́," ni Bàbá wí, "kí gbogbo wa má baà wọ omi." Ó jókòó. A gúnlẹ̀ sí etídò wa, níbi tí àwọn ará ilé ṣì dúró sí, tí wọ́n ń juwọ́ sí wa, tí ọwọ́ náà wá ń rọ sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

Ohun tó ṣòro jù lọ ni pé àwọn obìnrin ilé ọkọ ní láti padà sílé, kò sì sí ọ̀nà mìíràn. Bàbá kan náà ló tún gbé wọn. Mo dúró létí odò, mò ń wo ọkọ̀ náà tó ń lọ láìsí orin kankan nínú rẹ̀. Mo rí i tó na ọwọ́ láti ran wọ́n lọ́wọ́ sọ̀kalẹ̀. Obìnrin gíga yẹn kò gba ọwọ́ náà. Ó fi ẹsẹ̀ wọ omi, tòun ti aṣọ ayẹyẹ tó wọ̀, ó gun òkè.

Nílé, àwọn ẹbí bínú. Wọ́n ní Bàbá ti kó ìtìjú bá ìdílé, wọ́n ní ta ni yóò tún wá ọmọ fẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ìyá àgbà jókòó ti ìkòkò ẹran tí kò sẹ́ni tó máa jẹ ẹ́. Àǹtí mi sùn láìbọ́ aṣọ ìyàwó. Mo fi ẹ̀yìn mi ti ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bàbá kó gbogbo ẹrù ìdána tí wọ́n gbé wá sínú ọkọ̀. Ó gun òkè àjà, ó gbé akèrègbè dúdú yẹn sọ̀kalẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó fi sórí ẹrù náà. Mi ò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe títí ó fi dé òdì kejì. Òun fúnra rẹ̀ ló padà sọ fún wa pé nígbà tí òun dé ilé ọ̀rẹ́ òun, wọ́n ní ó ń sùn. Ó kó ẹrù kalẹ̀, ó ní kí àwọn ọmọ ilé bá òun wọ́ ọkọ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà, ó fi àjẹ̀ ti ògiri, ó ní kí wọ́n sọ fún un tó bá jí pé ọkọ̀ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó wá gbé akèrègbè, ó wọ odò.

Mo rí i láti etídò wa. Orí rẹ̀ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun dúdú róbótó kan, tó ń yọ, tó ń rì, tó tún ń yọ, omi pupa sì fẹ̀ ní gbogbo àyíká rẹ̀. Àǹtí mi ń gbàdúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ètè rẹ̀ ń yára ju bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde lọ. Bàbá àgbàlagbà ni. Mo rò pé odò fẹ́ gba gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó gúnlẹ̀, ó jókòó sórí iyanrìn fún ìgbà pípẹ́, ó ní kí n má sunkún, ó ní ṣe ni òun ń sinmi.

Láti ọjọ́ náà, akèrègbè ló fi ń ṣiṣẹ́. Ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ló gbà láti bá a wọ omi, àwọn arúgbó tí wọ́n rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn tó ní ẹrù lọ ń gba ọ̀nà yíká, ọ̀nà tó jìn tó sì ní ẹrẹ̀. Àwọn ará òdì kejì ò sì wá mọ́ rárá. Síbẹ̀, kò sí òwúrọ̀ tí Bàbá ò lọ. Ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Àǹtí mi ló wá ń fi òrí ra èjìká rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó dáwọ́ dúró lórí èjìká náà, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n lọ. Mo lè fara dà á. Ọkọ̀ á padà wá."

Bàbá kò wẹ̀yìn. "Ṣé ìwọ fúnra rẹ ni?"

Àǹtí mi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún, ó ń rẹ́rìn-ín ó ń sunkún, òrí sì ń yọ́ ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. A ò tún gbọ́ ọ̀rọ̀ náà mọ́ nílé wa.

Òjò ti ń dín kù nígbà tí a gbọ́ ohùn kan láti òdì kejì láàárọ̀ ọjọ́ kan. "Bàbá Odò, àbí ẹ ti dití ni?" Obìnrin gíga yẹn ni. Ó dúró nínú ọkọ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó fi ìbòrí funfun bojú jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn obìnrin mìíràn sì wà lẹ́yìn wọn. Bàbá gbé akèrègbè, ó wẹ̀ lọ bá wọn. Kò tíì gùnkè tán tí obìnrin náà fi bẹ̀rẹ̀. Etídò wa lèmi àti àǹtí mi wà, àmọ́ kò lo ohùn tó yẹ kéèyàn wá sítòsí kó tó gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ẹ wá gbé ọkọ̀ yín kúrò lẹ́nu ọ̀nà òun. Àwọn ewúrẹ́ ti fi ṣe ilé."

"Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn," ni Bàbá wí.

"Ẹ má rò pé torí yín ni mo ṣe wá o. Ọmọ mi ń lọ ilé ọkọ ní Ìlúà. Ọ̀nà yíká ti jìn jù, ẹrẹ̀ á ba bàtà rẹ̀ jẹ́."

Bàbá gba àjẹ̀, ó tukọ̀. Wọ́n dé àárín odò, kò dúró. Mo rí i kedere. Ó tẹrí ba, ó ń wa ọkọ̀ lọ, ó ń yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Àǹtí mi di èjìká mi mú.

"Ẹ dúró ná," ni obìnrin náà wí. "Kí lẹ ń sá fún?"

Àjẹ̀ dúró.

"Ẹ bi í," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Ẹ bi í bí ẹ ṣe bi tiyín."

Bàbá fi àjẹ̀ dábùú itan. Ó béèrè. Mo rí obìnrin náà tó kẹ̀yìn sí ọmọ rẹ̀, tó tẹjú mọ́ omi nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, kí ọmọ náà má baà wo ojú òun kó tó dáhùn. Ọkọ̀ ń léfòó lọ. Ó pẹ́. Mo mọ̀ pé kò lè pẹ́ tó bó ṣe rí lára mi, ṣùgbọ́n lójú mi, ẹyẹ lékeléke kan fò láti etídò kan dé èkejì, kò sì sí ohun tó tíì ṣẹlẹ̀.

"Èmi fúnra mi ni mò ń lọ," ni ọmọ náà wí.

Ìyá rẹ̀ mí kanlẹ̀, a gbọ́ ọ dé ibi tí a wà. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, Bàbá na ọwọ́. Obìnrin náà wo ọwọ́ náà, ó sì dì í mú, ó sọ̀kalẹ̀. Bó ṣe ń kọjá lára àǹtí mi, ó dúró díẹ̀. "O tún wá sanra sí i," ló sọ, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Àǹtí mi kúnlẹ̀ kí i, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kí.

Àwọn ará òdì kejì bẹ̀rẹ̀ sí í wá díẹ̀díẹ̀. Bàbá tún fi ọkọ̀ ọ̀gánwó yẹn ṣiṣẹ́ títí ara rẹ̀ ò fi gbé e mọ́. Àǹtí mi lọ́kọ ní Ìséyìn, ọkùnrin kan tó ń hun aṣọ, wọ́n ti bímọ, ilé wọn kì í dákẹ́. Bàbá kú nígbà tí mo wà ní ọdún àkọ́kọ́ ní yunifásítì, wọ́n sì sin ín kí n tó dé, bí Ìsìláàmù ṣe ní ká ṣe. Afárá ti wà nígbà náà.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé mò ń bá afárá jà. Aboyún ń tètè dé ọsibítù, gàrí ń dé ọjà láìtutù, kò sí bàbá arúgbó kankan tí odò ń yá èjìká rẹ̀ mọ́. Tí mo bá sọ pé ti àtijọ́ ló dára jù, irọ́ ni mo pa, Bàbá gan-an ì bá sì bínú. Àmọ́ mo máa ń ro bí odò náà ṣe fẹ̀ tó nígbà yẹn. Ó fún èèyàn láyè. O ti kúrò ní ibìkan, o ò tíì dé ibòmíràn, wàá sì jókòó sórí omi pẹ̀lú ara rẹ, yálà o fẹ́ tàbí o kọ̀. Lóde òní a kì í wà níbẹ̀ mọ́. Mo parí ìwé, wọ́n ní kí n wáṣẹ́, mò ń wá a, wọ́n ní kí n lọ́kọ, mo ní mo gbọ́, gbogbo rẹ̀ ń sáré bíi mọ́tò. Nígbà mìíràn láàárọ̀, àyà mi á máa já láìsí ìdí kan tí mo lè nawọ́ sí.

Lóṣù tó kọjá, a sin ọ̀rẹ́ mi kan lọ sílé ọkọ. Bọ́ọ̀sì la gbé. Orin ń dún, àwọn kan ń ya fọ́tò, ìyàwó ń tún ìbòrí rẹ̀ ṣe nínú gíláàsì fóònù. Mo yí ojú sí fèrèsé nítorí mo fẹ́ rí omi. Irin afárá ni mo kọ́kọ́ rí, ó ń sáré kọjá, mo wá rí ìmọ́lẹ̀ funfun kan nísàlẹ̀. Kí n tó mọ̀ pé odò nìyẹn, a ti kọjá.